Ọjọ́ Tí Ìbídùnní Gba Ẹrù ní Ìlú Ọ̀jàdó

Ẹ jẹ́ kí n jókòó dáadáa ná. Ẹni tó bá fẹ́ mu omi, kó tètè lọ mu ún, torí bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, mi ò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Orúkọ mi ni Ọdẹ́jìnmí. Ọdẹ ni bàbá mi, ọdẹ ni bàbá tó bí i, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí igbó kan ní gbogbo agbègbè yìí tí mi ò tíì sùn nínú rẹ̀. Mo ti bá ẹfọ̀n fa ìjàkadì. Mo ti bá erè du ẹran kan náà, èmi ni mo gbé e lọ sílé. Mo ti bá iwin pàdé níbi tó ti ń rin eyín rẹ̀ lẹ́bàá odò, mo kí i, ó dá mi lóhùn, ó sì béèrè àwọn ará ilé. Má rẹ́rìn-ín, ìwọ tí o fẹ̀yìn ti òpó yẹn, bó bá jẹ́ ìwọ lo rí i, o ò bá ti sá já sínú omi. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé èmi kì í ṣe ẹni tí nǹkan ṣákálá ń já láyà. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ló ṣe, ọ̀sán gangan ló ṣẹlẹ̀, àyà mi sì ń já títí di bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí.

Igbó Ọ̀jàdó tó wà ní òdìkejì odò wa, ìlú ńlá ni tẹ́lẹ̀ rí. Ogun ló tú u ká láyé àwọn baba ńlá wa. Odi tí wọ́n mọ yí i ká ṣì wà níbẹ̀, ó ga ju ilé lọ, igi ìrókò ti hù lórí rẹ̀, ewéko sì ti kún inú yàrà tí wọ́n gbẹ́ sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ènìyàn bá wọ inú odi, kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀ àfi àlàpà, àfọ́kù ìkòkò àti àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ tí kò mọ̀ pé mo ń bọ̀. Mo ti dẹ ibẹ̀ títí ó fi sú mi. Àmọ́ àwa ọdẹ ní ohun kan tí a kì í ṣe. A kì í gba ẹnu ibodè wọ Ọ̀jàdó. Ibi kan wà tí odi ti ya lulẹ̀ lápá ìwọ̀ oòrùn, ibẹ̀ la máa ń gùn wọlé, ibẹ̀ náà la sì ń gbà jáde. Bàbá mi kò sọ ìdí rẹ̀ fún mi, èmi náà kò bi í. Ẹni tó bá mọ bàbá mi kò ní máa bi í ní ìdí ọ̀rọ̀.

Ó wá di ọjọ́ kan, Tíṣà Láníhùn, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn nílé ìwé girama kan ní ìgboro, kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ wá sí abúlé wa nínú bọ́ọ̀sì. Ó ní àwọn fẹ́ fi odidi ọjọ́ wo ìlú àtijọ́ náà, ó sì ń wá ẹni tó máa mú àwọn débẹ̀. Ènìyàn dáadáa ni tíṣà náà. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi gbalaja nínú eruku pẹ̀lú ṣòkòtò funfun tó wọ̀, inú mi sì dùn. Mo gbé ìbọn mi, mo gbé àpò mi tí ìkòkò kékeré tí mo fi ń se oúnjẹ nínú igbó wà nínú rẹ̀, a sì gbéra. Àwọn ọmọ yìí ń kọrin, wọ́n ń já ewé, wọ́n ń fi fóònù ya kòkòrò. Súnmọ́nù ló ń pariwo jù nínú wọn, òun ló kéré jù láàárín wọn, gaàrí ló sì kún inú báàgì rẹ̀ dípò ìwé. Ìbídùnní ni ẹni tí ohùn rẹ̀ kò jáde rárá. Ìyá tó bí ìyá rẹ̀ ló tọ́ ọ dàgbà, ẹ sì mọ bí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń rí. Gbogbo àgbà tí a pàdé lójú ọ̀nà ló kúnlẹ̀ kí. Nígbà tí a dé ibi tí odi ti ya, agbọ́n ti kọ́lé síbẹ̀, ilé náà tóbi, àwọn agbọ́n náà sì ń bínú. Kò sí bí mo ṣe lè kó ọmọ ọlọ́mọ gba àárín agbọ́n. Ẹnu ibodè nìkan ló kù, bí a ṣe gba ibẹ̀ nìyẹn.

A kọjá lábẹ́ ẹnu ibodè báyìí, igbó pòórá. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o, mi ò sọ pé igbó náà dín kù, mo ní ó pòórá. Ìrókò tó wà lórí odi kò sí mọ́. Odi tí òjò ti fọ̀ títí tó fi rí jágajàga ń dán lójú mi, ó dà bíi pé àná ni wọ́n rẹ́ ẹ. Ilẹ̀kùn igi ńlá méjì wà ní ṣíṣí lọ́tùn-ún àti lósì wa, ọkùnrin kan sì jókòó sórí àpótí láàárín wọn. Ó wọ agbádá, ó dé fìlà, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun. Ẹ ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣe é àfi bí ẹ bá wo ibi tó yẹ kí ojú rẹ̀ wà. Awọ lásán ló wà níbẹ̀. Ó wá tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sí wa bí ẹni tó fẹ́ gba nǹkan, ni mo bá rí i pé inú àtẹ́lẹwọ́ ni ojú rẹ̀ wà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, wọ́n sì ń ṣẹ́jú. Ara mi bù máṣọ. Àwọn ọmọ ní tiwọn bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Wọ́n rò pé tíṣà ló lọ háyà àwọn eléré. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ ń sọ pé wọ́n mọ ọ̀dà kùn gan-an. Tíṣà fúnra rẹ̀ wá sí etí mi, ó bi mí pé ta ni mo lọ bá ṣètò ọkùnrin yìí, mo sì sọ fún un pé èmi náà ń wá ẹni tí màá bi.

Oníbodè kí wa káàbọ̀. Ó ní àlejò kò dé ìlú àwọn mọ́, inú òun dùn, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá já àlọ́ kò ní wọlé. Mo ní kó pa á. Ó ní kí ni ó ń yí odi àwọn ká láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tí kò lẹ́sẹ̀, tí ọba kò lè ní kó dúró, tí òjò kò lè pa? Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ta ló mọ̀ ọ́n? Ẹ̀ ń wo ara yín. Èmi ò wo ẹnikẹ́ni, mo ní òjìji odi ni. Oníbodè rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ tó ń wò mí gbá itan rẹ̀, ojú dùn ún, omi jáde lójú náà. Ó ní kí a máa wọlé, kí a wo ìlú bó ṣe wù wá. Ó ní nígbà tí òjìji odi bá kan ẹsẹ̀ àpótí òun, òun yóò ti ilẹ̀kùn, ẹni tó bá sì wà nínú ìlú nígbà náà ti di ará ìlú. Mo wo òjìji náà. Ó ṣì jìnnà sí i. Mo fẹ́ kí a yí padà lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ti wọlé tán, àwọn tó wà níwájú ti ń sáré.

Ẹ gbà mí o, ìlú Ọ̀jàdó wà láàyè. Ilé kún ibẹ̀, òrùlé koríko wọn ṣì tutù. Mo rí ibi tí wọ́n ti ń pa aṣọ láró, mo rí ilé alágbẹ̀dẹ, mo rí ààfin tí òpó rẹ̀ ní àwòrán ẹlẹ́ṣin. Tíṣà gbàgbé ẹ̀rù. Ó ń fọwọ́ kan ògiri, ó ń sọ fún àwọn ọmọ pé ibí ni wọ́n ti ń rọ idà, ibí ni wọ́n ti ń dá ẹjọ́, pé òun tí òun ti ń kọ́ ènìyàn ní ọ̀rọ̀ ìlú yìí láti ìgbà èwe kò rò pé òun máa rí i láéláé. Mo bá a yọ̀ díẹ̀. Ìgbà tó yá ni mo wá kíyè sí àwọn ènìyàn ìlú náà. Kò sí ẹnì kankan tó jókòó. Ọ̀dọ́, arúgbó, ọkùnrin, obìnrin, gbogbo wọn ló gbé ẹrù sórí, gbogbo wọn ló ń rìn. Alágbẹ̀dẹ gbé owú irin tó fi ń rọ idà sórí. Ọkùnrin kan gbé ilẹ̀kùn ilé rẹ̀. Ọmọdébìnrin kan gbé àgò adìyẹ, adìyẹ sì wà nínú rẹ̀ tí kò dún. Wọ́n ń ti apá kan ìlú bọ̀, wọ́n á rìn dé ìdí odi lápá kejì, wọ́n á yí padà. Mo tún wò yíká, kò sí èéfín kankan tó ń jáde nínú gbogbo ilé wọ̀nyẹn. Ìlú tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó dáná. Jìnnìjìnnì dà bò mí, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú ka àwọn ọmọ náà kí ẹnikẹ́ni má baà sọnù.

Ojú mi ò tíì kúrò lára wọn nígbà tí ìyá arúgbó kan kọjá níwájú wa. Ìyá náà tẹ̀ dé ìbàdí. Apẹ̀rẹ̀ tó gbé tóbi ju òun fúnra rẹ̀ lọ, nǹkan kan sì ń ró kọ̀ọ̀, kọ̀ọ̀ nínú rẹ̀. Kò bẹ ẹnikẹ́ni. Kò tilẹ̀ wò wá. Ṣùgbọ́n Ìbídùnní rí i. Kí ni ọmọ tí ìyá àgbà tọ́ máa ṣe bó bá rí arúgbó lábẹ́ ẹrù? Kí ni ìwọ ìbá ṣe? Kò rò ó rárá. Ó sáré bọ́ síwájú, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Mà. Ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e." Kí n tó la ẹnu, ó ti gbé apẹ̀rẹ̀ náà kúrò lórí ìyá, ó sì ti gbé e ka orí ara rẹ̀.

Gbogbo ìlú dúró. Ẹsẹ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀ pa lọ́lọ́. Ìyá arúgbó náà na ẹ̀yìn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mo ń gbọ́ bí egungun rẹ̀ ṣe ń ró. Ó fi ọwọ́ kan orí rẹ̀, ó fi kan ọrùn, ó wá wo ojú ọ̀run bí ẹni tí kò rí i rí. Ìbídùnní bi í níbo ni kí òun gbé e dé. Ẹkún ni ìyá ń sun. Ọmọ náà ní kí ẹnì kan wá sọ̀ òun, pé ọrùn ti ń dun òun. Mo bọ́ síwájú, èmi Ọdẹ́jìnmí tí mo ti gbé odidi ìmàdò kọjá òkè, mo di apẹ̀rẹ̀ náà mú, mo fà á sókè. Apẹ̀rẹ̀ gbéra, Ìbídùnní sì bá a gbéra. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Mo tún gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

Ibi tọ́rọ̀ ti wá burú nìyí. Gbogbo àwọn àgbà ìlú náà yí ojú sí wa. Wọ́n ti rí i pé ẹrù lè kúrò lórí ènìyàn. Wọ́n ń bọ̀ láti gbogbo ọ̀nà, wọ́n ń na ọwọ́, ohùn wọn sì tutù, ohùn tí ìyá àti bàbá fi ń bẹ ọmọ. "Ọmọ mi, wá bá mi gbé e. Ọmọ dáadáa, ọrùn ń ro mí." Ẹ̀yin ará mi, mo ti rí ọmọdé tó ń sá fún ẹkùn, ṣùgbọ́n mi ò rí ohun tó dà bí ojú àwọn ọmọ yẹn lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń rá ni wọ́n ti kọ́ wọn pé wọn kò gbọdọ̀ máa wo àgbà níran lábẹ́ ẹrù. Ọwọ́ wọn ń gòkè fúnra rẹ̀. Mo ní kí gbogbo wọn di ọwọ́ sẹ́yìn, kí wọ́n máa sá lọ sí ẹnu ibodè. Wọ́n ń sá, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń sọ pé, "Ẹ má bínú, Mà, ẹ má bínú, Sà." Tíṣà di apá kan Ìbídùnní mú, mo di ìkejì, ìyá arúgbó náà sì ń tọ̀ wá lẹ́yìn. Nígbà tí àwọn àgbà tó kù rí i pé kò sẹ́ni tó na ọwọ́ sí wọn, wọ́n padà sínú ìrìn wọn. Àwọn ọmọ yòókù bọ́ sí ìta, kò sí ohun tó dá wọn dúró. Ìbídùnní dé ẹnu ibodè, àyà rẹ̀ kọlu afẹ́fẹ́ lásán, kò sì lè kọjá.

Mo dojú kọ oníbodè. Òjìji odi ti sún mọ́ àpótí rẹ̀. Mo ní, "Ọmọ yìí kì í ṣe ará ìlú yín. Ẹ jẹ́ kó máa lọ."

"Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́," ló fi dá mi lóhùn. "Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gbà á."

"Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni. Ẹ̀kọ́ ilé ló ń ṣe é."

"Irú wọn la fẹ́ràn jù níbí," ni oníbodè wí.

Ìbínú gbé mi. Mo ní kó gbé ẹrù náà lé mi lórí dípò rẹ̀. Ó ní orí àgbà ni ẹrù ìlú àwọn ti ń bọ́ sí orí ọmọdé, kì í padà gòkè, ẹni tó bá kéré sí Ìbídùnní nìkan ló lè gbà á. Bó ṣe sọ ọ́, gbogbo àwọn tó wà níta yí ojú sí Súnmọ́nù, òun nìkan ló kéré sí i láàárín wọn. Ọmọ náà wo apẹ̀rẹ̀, ó wo ojú Ìbídùnní, ló bá fi ẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, ó wọ inú igbó lọ. Oníbodè wá fi ohùn dídùn bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní bí mo bá fi ọmọ náà sílẹ̀ tí mo sì kó àwọn yòókù lọ sílé, ìbọn mi kò ní tàsé mọ́ títí màá fi kú. Mo ní ìbọn mi kì í tàsé tẹ́lẹ̀, kó wá nǹkan mìíràn sọ. Tíṣà Láníhùn ní tirẹ̀ ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìbídùnní, ó bọ́ bàtà rẹ̀. Ó ní òun ò lọ síbì kankan. Ó ní, "Ìyá ìyá rẹ̀ ló fà á lé mi lọ́wọ́ láàárọ̀ yìí. Kí ni mo fẹ́ lọ sọ fún un?"

Inú oníbodè kò dùn sí èyí, torí tíṣà ti dàgbà, kò wúlò fún wọn. Ó wò wá pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún, ó wò wá pẹ̀lú ti òsì. Ó ní ó dára, òun yóò tún pa àlọ́ kan. Bí a bá mọ̀ ọ́n, ọ̀nà wà. Bí a kò bá mọ̀ ọ́n, kí a dágbére fún ọmọ náà. Ó ní mẹ́ta ni wọ́n. Wọn kì í sọ̀rọ̀, wọn kì í jẹun. Síbẹ̀, bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá tíì jókòó, ẹnikẹ́ni nínú ilé kò ní jẹun. Kí ni wọ́n?

Mo ní àwọn baálé mẹ́ta ni, ó ní baálé ń jẹun. Mo ní ajá ọdẹ mẹ́ta ni, ó rẹ́rìn-ín mi. Tíṣà di ojú rẹ̀, ó ń ka gbogbo àlọ́ tó mọ̀ lábẹ́lẹ̀, kò sí èyí tó bá a mu. Òjìji ń bọ̀ lórí ilẹ̀, mo ń rí bó ṣe ń rìn. Mo yí sí Ìbídùnní láti bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí, ni mo bá rí i pé nǹkan dúdú kan ń ṣàn wá sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ láti inú apẹ̀rẹ̀, òógùn àti èédú ló pò pọ̀. Ó fi ìka kàn án, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó tẹ́tí sí ohun tó ń ró kọ̀ọ̀ lórí rẹ̀. Ó wá ní, "Bàbá, ààrò ni. Òkúta ìdáná ìyá yìí ni mo rù."

Oníbodè pa ọwọ́ méjèèjì dé. Ó pẹ́ kó tó ṣí wọn. Ó ní òótọ́ ni. Ó ní lọ́jọ́ tí ogun dé, kálukú gbé ohun tó fẹ́ràn jù nínú ilé rẹ̀ láti sá lọ, ibodè sì ti tì, wọn kò rí ibi jáde, wọn kò sì gbé e kalẹ̀ láti ọjọ́ náà. Ó ní kí a kó òkúta náà jáde kí wọ́n jókòó, kí a sì se oúnjẹ lórí wọn kí òjìji tó dé. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá ọmọ yìí wá láti ilé ló gbọ́dọ̀ padà wọlé, kí wọ́n jẹ nínú oúnjẹ náà pẹ̀lú rẹ̀. Bí ó bá ku ẹyọ ẹnì kan, ẹrù náà yóò padà sí orí rẹ̀, kò sì ní bọ́ mọ́ láé.

Ìbídùnní kúnlẹ̀, mo kó òkúta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde, ìyá arúgbó náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò wọ́n. Apẹ̀rẹ̀ òfìfo kò kúrò lórí ọmọ náà, ó sì wúwo bó ṣe wà. Tíṣà dúró ní ẹnu ibodè, ó pe àwọn ọmọ tó wà níta. Kò pàṣẹ fún wọn. Ó sọ fún wọn gbangba pé bí òjìji bá bá wọn nínú, wọn kò ní délé mọ́. Ìgbà tó yá, ọmọbìnrin tó sọ pé wọ́n mọ ọ̀dà kùn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣa igi gbígbẹ, ó sì wọlé. Ìkejì tẹ̀ lé e. Wọ́n ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, kálukú mú igi ìdáná dání. Mo ṣáná, mo gbé ìkòkò mi kaná, wọ́n ń já omi inú ọ̀rá sí i. Omi hó. Ìgbà yẹn ni a wá rí i pé kò sí ohun tí a fẹ́ sè. Búrẹ́dì tó wà lọ́wọ́ wọn ti tán lójú ọ̀nà. Gaàrí nìkan ló wà, inú báàgì Súnmọ́nù ló sì wà.

Mo fẹ́ jáde lọ wá a, Ìbídùnní ní kí n má lọ. Ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, Bàbá. Òun nìkan ni ìyá rẹ̀ bí." Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n nígbà tó sọ ọ́. Ẹ̀yin tó ń gbọ́ mi, mo ti pa ẹfọ̀n, ṣùgbọ́n mi ò ní irú ọkàn bẹ́ẹ̀. A jókòó yí ìkòkò omi ká, a ń wo òjìji. Ó ku díẹ̀ kó kan àpótí nígbà tí nǹkan ṣẹ́ igi nínú igbó, Súnmọ́nù sì fò wọlé, ó di igi ìdáná mọ́ àyà, ikun ń ṣàn nímú rẹ̀. Ó ju báàgì sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú. Gaàrí náà kan díẹ̀ o." Mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Mo da gaàrí sómi, mo rò ó, ẹ̀bà náà le, kò sí ọbẹ̀, kò sí iyọ̀. A bù ú ní òkèlè kọ̀ọ̀kan. Tíṣà jẹ, àwọn ọmọ jẹ, èmi jẹ, Ìbídùnní jẹ tirẹ̀ pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ lórí. Súnmọ́nù ló jẹ gbẹ̀yìn, ọ̀fun rẹ̀ gbẹ, òkèlè náà há a. A gbá a lẹ́yìn, ó gbé e mì, apẹ̀rẹ̀ náà sì yọ̀ kúrò lórí Ìbídùnní, ó ṣubú sílẹ̀ láìdún. Ọmọ náà kò dìde, ó kàn gbé orí lé ejìká tíṣà rẹ̀.

Òkèlè kan ṣẹ́kù, Ìbídùnní fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ìyá arúgbó náà. Ìyá jẹ ẹ́. Ó jẹ ẹ́ pẹ́. Ó wá bi tíṣà léèrè pé ibo ni ogun náà dé. Tíṣà wò mí, ó wo ilẹ̀, ó ní, "Ogun ti parí, Mà. Ó ti parí kí wọ́n tó bí bàbá mi."

Ìyá wo gbogbo àwọn tó ń rìn pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn rẹ̀. "Kò sẹ́ni tó wá sọ fún wa," ló wí.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju ojú inú ọwọ́ oníbodè lọ. Tíṣà di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní kó máa bá wa lọ sílé, pé àwọn yóò tọ́jú rẹ̀. Ibodè ti ń dún. Ìyá gbọn orí. Ó mú ìkòkò mi kúrò lórí iná, ó wo inú rẹ̀, ó tún gbé e padà. Ó ní kí a fi gaàrí tó kù sílẹ̀ fún òun. Ó ní, "Ẹ máa lọ, ẹ̀yin ọmọ mi. Èmi ti ní ààrò báyìí. Ẹni tó bá jẹun lọ́dọ̀ mi ti délé, yóò lè gbé ẹrù rẹ̀ kalẹ̀." Súnmọ́nù da gbogbo ohun tó wà nínú báàgì rẹ̀ síwájú rẹ̀. A sá jáde, òjìji kan ẹsẹ̀ àpótí, ilẹ̀kùn sì pàdé lẹ́yìn wa.

Nígbà tí mo yí padà, igbó ni mo rí, ìrókò lórí odi, ewéko nínú yàrà, kò sí ilẹ̀kùn. Àwọn ọmọ dúró gbagidi, wọn kò fẹ́ lọ. A gbọ́ ohùn ìyá náà lẹ́yìn odi, ó ń pe àwọn ènìyàn kí wọ́n wá fọ ọwọ́. Lẹ́yìn náà ni nǹkan wúwo kan bọ́ sílẹ̀ gbì, irin ni, owú alágbẹ̀dẹ ni mo mọ̀ ọ́n sí. Òmíràn tẹ̀ lé e. Òmíràn tún tẹ̀ lé e. Títí oòrùn fi wọ̀ ni a ń gbọ́ ọ, ẹrù ń bọ́ nílẹ̀ káàkiri ìlú náà, adìyẹ kan ké, ọmọdé kan sì rẹ́rìn-ín. Èmi tí ẹ̀ ń wò yìí, mo jókòó sínú ewéko pẹ̀lú ìbọn lórí ẹsẹ̀, mo sunkún bí ọmọ ọwọ́, ojú kò sì tì mí. Ohun tí mo rí ní Ọ̀jàdó nìyẹn. Ẹ dìde, kí kálukú máa lọ sílé rẹ̀, ẹni tó bá sì mọ̀ pé òun ní ìròyìn ayọ̀ fún ẹnì kan, kó yà sọ́dọ̀ rẹ̀ kó tó sùn.